Ọmọláńgidi Tí Kò Ní Ojú

Ilé ẹjọ́ kò pè mí rí, ọlọ́pàá kò sì fi ọwọ́ kàn mí rí. Síbẹ̀, wọ́n dá ẹjọ́ mi ní ọ̀sán gangan nínú agbo ilé kan ní Ìlobù, wọ́n sì lé mi kúrò ní ìlú tí wọ́n sin ìwọ́ mi sí. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí ni pé mo fi aṣọ ọmọ ọlọ́mọ ṣe ohun ìkà. Èmi kò ṣe é. Obìnrin kan wà tí ó mọ̀ dájú pé èmi kò ṣe é, ó sì jókòó sáàárín àwọn tí ó dá mi lẹ́bi. Ohun tí mo ń bèèrè láti ọjọ́ náà kò pọ̀: kí ó sọ ohun tí ó mọ̀, kí ó sì sọ ọ́ níbi tí ó ti gbé e mì.

Ìwé kejì ni mo kà dé kí bàbá mi tó mú mi lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Òṣogbo. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ níhìn-ín, ẹni tí ó mọ̀wé lè bá mi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi tún ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣe.

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, kí ìjọba tó kéde pé kí gbogbo ọmọ máa lọ sí ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, ìsọ̀ mi wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ó jáde láti Ìlobù lọ sí Ìfọ́n. Ọmọ Ìfọ́n ni ìyàwó mi. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra. Ẹni tí ó gbé iṣu kaná ní Ìlobù lè lọ kí àna rẹ̀ ní Ìfọ́n kí ó sì bọ̀ wá bá iṣu náà lórí iná. Àwọn àgbà ń fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, àwa ọ̀dọ́ sì ń fẹ́ ọmọ ara wa, a ń ná ọjà ara wa. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ni mo ní, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí, àti tábìlì kan, àti àlùmọ́gàjí tí ọ̀gá mi fi ta mí lọ́rẹ ní ọjọ́ tí ó tú mi sílẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ni ó fa ọ̀rọ̀ ọmọláńgidi. Ṣùkù àgbàdo ni ó máa ń pọ̀n kiri bí ọmọ. Ó wá bá mi ní ìsọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní ọmọ òun kò ní aṣọ, òtútù ń mú un. Mo rán bùbá fún ṣùkù náà, ṣùgbọ́n bùbá kò dúró, nítorí pé ṣùkù kò ní èjìká. Mo wá gé aṣọ funfun méjì ní àwòrán ènìyàn, mo rán etí wọn pọ̀ láti inú, mo fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀, mo yí i síta, mo sì fi ẹnu igi tín-ín-rín ki òwú àràbà sí i títí ó fi le. Èyí àkọ́kọ́ yó jù. Apá rẹ̀ na gbọnrangandan, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gba inú bùbá kọjá. Mo dín òwú apá kù nínú èyí tí ó tẹ̀ lé e, mo la ẹ̀yìn bùbá, mo fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sí i kí ọmọdé lè so ó, kí ó sì tú u. Mo fi okùn sí ìró, mo fi sí gèlè. Òwú dúdú ni mo fi ṣe ojú àti irun. Ọmọ mi bọ́ aṣọ ọmọláńgidi náà, ó wọ̀ ọ́ fún un, ó tún bọ́ ọ, títí oúnjẹ rẹ̀ fi tutù.

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọdé fi ń wọ́ wá. Ní ọjọ́ ọjà, mo máa ń gbé àwọn ọmọláńgidi náà jókòó sórí pákó níwájú ìsọ̀, aṣọ wọn ní ìdì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ọmọbìnrin kan lè sọ fún mi pé, “Télọ̀, ẹ bá mi tú ìró yìí sí i. Ọmọ mi ti lóyún.”

“Ta ló fún un lóyún?”

“Ti ọmọ yín ni. Ẹ má wulẹ̀ díbọ́n.”

Àwọn àgbà náà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Alápatà kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi máa ń ké sí mi láàárọ̀ pé, “Télọ̀ ọmọ òwú, ṣé àwọn oníbàárà rẹ jí dáadáa? Ṣé wọ́n ti jẹun?” Mo máa ń dá a lóhùn pé wọ́n jí, wọ́n sì ní kí n kí i, pé àwọn kì í jẹ ẹran tí eṣinṣin ti jẹ kù. A máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wà nínú etí mi títí di òní, nítorí pé alápatà yìí wà lára àwọn tí ó fọ́n ìyókù mi dànù.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òfin kan tí ó wà nínú ẹgbẹ́ àwa aránṣọ ní ìgbà náà, nítorí pé òun ni wọ́n fi mú mi. Bí a bá rán aṣọ tán, a ó di àjákù rẹ̀ sínú aṣọ náà, a ó sì dá a padà fún olówó rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Irun ènìyàn, èékánná rẹ̀, àti ègé aṣọ tí ó ń wọ̀, àwọn ni ọ̀tá ń wá. Oníbàárà tí ó bá fẹ́ kí n fi àjákù tirẹ̀ ṣe aṣọ ọmọláńgidi ni ó gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí ẹlòmíràn sì wà níbẹ̀ tí ó gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe, àfi fún ẹnì kan.

Ẹni náà ni ìyàwó oníṣòwò obì kan ní agbo ilé ńlá kan. Ìbejì obìnrin ni ó bí fún ọkọ rẹ̀. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kú. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni ó yà sí ìsọ̀ mi.

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá Ìbejì,” ni mo wí.

“Ìbejì tó ti di ẹyọ kan, Télọ̀.”

Mo gbé àpótí fún un. Ó jókòó, ó sì ń wo àwọn ọmọláńgidi tí ó wà lórí pákó.

“Èyí tó kù yẹn ń pè é,” ni ó wí. “Tí mo bá fún un ní àkàrà, á pín in, á gbé ìdajì kalẹ̀. Ìdajì yẹn á wà níbẹ̀ títí èèrà á fi gbé e. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun tá a bá ṣe fún ọ̀kan la gbọ́dọ̀ ṣe fún èkejì, àgàgà aṣọ. Tá a bá rán fún ọ̀kan láì rán fún èkejì, èyí tó lọ á padà wá mú ẹnìkejì rẹ̀.”

“Ère ni àwọn ẹlòmíràn máa ń gbẹ́ fún un.”

“Bàbá wọn ò fẹ́ ère. Ó ní ẹni tó bá gbé igi wọ ilé òun, òun àti igi náà ló máa jọ jáde. Ìmàle gidi ni, ẹ mọ̀ ọ́n.” Ó mú ọmọláńgidi kan, ó tú bùbá rẹ̀, ó sì tún un so. “Ṣùgbọ́n aṣọ kì í ṣe igi, Télọ̀.”

Ó ní kí n rán ọ̀kan fún òun, kí ó gùn ju ti àwọn ọmọdé lọ, kí n sì máa fi àjákù aṣọ èyí tí ó wà láyé rán irú rẹ̀ gan-an fún un. Mo béèrè irú ojú tí ó fẹ́.

“Ẹ má fi ojú sí i. Tí kò bá ti ní ojú, kì í ṣe ère. Ọkàn mi á balẹ̀ níwájú Ọlọ́run.”

Ó ní kí n má jẹ́ kí ọkọ òun gbọ́. Mo fi ẹnu kan irin àlùmọ́gàjí mi, mo sì ṣe ìlérí fún un. Àánú rẹ̀ ni ó ṣe mí. Ọlọ́mọ ni èmi náà.

Bí ó ti wí ni mo ṣe é. Ara funfun, orí funfun, kò ní ojú, kò ní ẹnu. Mo ti rán ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọláńgidi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé èyí jókòó sórí tábìlì, mo rí i pé èmi kò fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí i. Ìgbàkígbà tí ọdún bá ń bọ̀, ìbáà ṣe ìtúnu ààwẹ̀ tàbí Iléyá, Ìyá Ìbejì a gbé aṣọ ọmọ rẹ̀ wá ní gbangba, a sì gbé ọmọláńgidi náà wá ní ìdì lábẹ́ ìborùn rẹ̀. Mo ń rán ti alààyè, mo ń fi àjákù rán ti òkú. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ní ọ̀rọ̀ mìíràn.

“Ẹ bá mi fi kún un. Èyí tó wà nílé ti ga jù ú lọ. Kò yẹ kí ọ̀kan ga ju èkejì.”

Mo tú ẹsẹ̀ ọmọláńgidi náà, mo lẹ aṣọ mọ́ ọn, mo ki òwú sí i, mo sì rán an padà. Nígbà tí ó ṣe, mo tún fi kún apá rẹ̀, mo fi kún ìbàdí rẹ̀. Ó wá di ohun tí ènìyàn lè pọ̀n sẹ́yìn kí ará ọ̀nà sì rò pé ọmọ gidi ni.

Ìyàwó mi kò fẹ́ràn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbé oúnjẹ wá fún mi lọ́jọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo ti ń wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú téèpù, ó sì dúró sí ẹnu ọ̀nà.

“Ohun tí kì í jẹun tó sì ń dàgbà,” ni ó wí, “kí ló ń jẹ?”

“Òwú.”

“Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní Ìfọ́n, a máa ń gbẹ́ ère ìbejì lẹ́ẹ̀kan, ó sì tán. Ọmọdé ni ère máa ń jẹ́ títí. A kì í bá òkú dàgbà.”

Ọmọ mi pàápàá, tí kì í rí ọmọláńgidi kí ó má bọ́ aṣọ rẹ̀, kò fi ọwọ́ kan èyí. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀.

“Kò ní ojú, Bàbá mi. Tí mo bá bọ́ ọ láṣọ, kò ní mọ ẹni tó bọ́ ọ. Á kàn máa bínú sí gbogbo wa.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo sì fi aṣọ bo ohun náà mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bú jáde, ọyẹ́ ń fẹ́, gbogbo ewé ẹ̀bá ọ̀nà pọ́n fún erukuru. Ìyá Ìbejì ti gbé aṣọ àlàárì kan wá pé kí n rán bùbá àti ìró fún ọmọ òun, kí n sì tún fi kún ẹsẹ̀ ọmọláńgidi náà. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí mo fi gbọ́ pé ara ọmọ náà kò dá, pé ibà líle ni ó dá a dùbúlẹ̀. Mo rán aṣọ ọmọ náà kíákíá, mo rò pé yóò wọ̀ ọ́ bí ó bá dìde. Mo wá tú ẹsẹ̀ ọmọláńgidi náà láti fi kún un.

Bàbá ọmọ náà ni ó wọlé. Kò wá sí ìsọ̀ mi rí. Ọmọ náà ti ń ké nínú ibà pé òun fẹ́ aṣọ òun tuntun, ọkùnrin náà sì dìde fúnra rẹ̀ láti wá gbà á, nítorí pé wọ́n fẹ́ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ní Òṣogbo. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ohun tí ó wà lórí tábìlì ni ó ń wò.

Ohun tí ó rí kò ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, èmi fúnra mi mọ bí yóò ti rí. Ohun kan dùbúlẹ̀ bí ọmọ, ní ìhòòhò, ẹsẹ̀ rẹ̀ là sílẹ̀, òwú funfun ń tú jáde níbẹ̀. Bùbá àlàárì ọmọ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Bùbá àlàárì mìíràn, irú rẹ̀ gan-an, tí ó fi díẹ̀ kéré sí i, wà lápá òsì.

“Télọ̀,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga rárá. “Aṣọ ta nìyí?”

“Ti ọmọ yín ni, bàbá.”

“Èyí tó kéré yìí ńkọ́?”

Ìlérí tí mo ṣe ni ó dí mi lẹ́nu.

“Mo bi ọ́ léèrè. Láti inú aṣọ ọmọ mi ni o ti gé e?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí—”

“Níbo ni ojú rẹ̀ wà?” Ó tẹ̀ síwájú, ó sì gbé orí ohun náà sókè pẹ̀lú ìka. “O ṣe apá, o ṣe ẹsẹ̀. Ojú ta ni ò ń dúró dè?”

Ó kó aṣọ méjèèjì àti ọmọláńgidi náà, ó sì jáde. Òwú ń já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà. Alápatà dáwọ́ ẹran tí ó ń gé dúró, ó ń fi ojú tọ òwú náà lọ.

Nígbà tí mo ṣí ìsọ̀ mi ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá àwọn ọmọláńgidi tí mo ti tà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ìyá ti kó wọn wá dà síbẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n ti bọ́ ní aṣọ. Wọ́n kó àwọn ọmọláńgidi jọ sí apá kan, wọ́n kó aṣọ wọn jọ sí apá kejì, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ wẹ̀ wọ́n. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ la ikùn àwọn mìíràn láti wo ohun tí ó wà nínú wọn. Òwú ni wọ́n bá. Kàkà kí èyí dá mi láre, ó dà bí ẹni pé ó dá kún ìbínú wọn. Alápatà wá fi ìgbálẹ̀ gbá wọn sínú kòtò, kò sì wo ojú mi.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni wọ́n pè mí sí agbo ilé náà. Baálé ilé jókòó, àáfà jókòó, olórí ẹgbẹ́ àwa aránṣọ jókòó, àwọn ọkùnrin ilé sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àwọn obìnrin wà lórí ẹní ní apá kejì. Ìyá Ìbejì wà láàárín wọn. Ọmọláńgidi náà wà lórí ilẹ̀ níwájú gbogbo wa, kò sí ẹni tí ó fi aṣọ bò ó.

Baálé ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Télọ̀, ọmọ wa ni ọ́. A mọ bàbá rẹ. Kí ni nǹkan yìí?”

“Ọmọláńgidi ni, bàbá.”

“Ti ta ni?”

“Ẹni tó ni ín wà níjòókòó yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.”

Gbogbo wọn tẹ̀ lé ojú mi, wọ́n sì rí ibi tí mò ń wò. Baálé yíjú sí i.

“Ìyá Ìbejì, ìwọ ló ń wò. Ṣé ìwọ lo ni ín?”

Ọkọ rẹ̀ náà yíjú sí i. Mo rí i bí ó ti wo ọkọ rẹ̀, tí ó sì tún wo ẹní tí ó jókòó lé.

“Bùbá àti ìró ọmọ mi ni mo gbé fún un,” ni ó wí. “Kò sí nǹkan mìíràn láàárín wa.”

Wọ́n bi olórí ẹgbẹ́ aránṣọ bóyá òfin wa gbà kí ènìyàn máa pa àjákù aṣọ mọ́. Ó ní kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò mọ ohun tí mo fi ṣe, ṣùgbọ́n bí a kò bá bá àjákù nínú aṣọ, ẹni tí ó gé e ni ó mọ ibi tí ó wà.

Nígbà náà ni mo wá sọ gbogbo rẹ̀. Ìlérí tí ẹnì kan ti dà kò tún di ẹnìkejì mú. Mo sọ bí ó ti wá bá mi, mo sọ ọ̀rọ̀ àkàrà tí ọmọ ń pín, mo sọ ìdí tí kò fi ní ojú. Mo rò pé bí wọ́n bá gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí ó ti tò tẹ̀ léra, òtítọ́ yóò hàn. Ìyá arúgbó kan láàárín àwọn obìnrin ni ó dá mi lóhùn.

“Ẹ gbọ́ ẹnu àlùmọ́gàjí. Ó gé aṣọ ọmọ tán, ó tún fẹ́ gé ìyá ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ọkọ.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá ọmọ kò rẹ́rìn-ín. “Òkú ọmọ mi lo fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí,” ni ó wí fún mi. “O mọ̀ pé kò lè sọ̀rọ̀.”

Wọ́n bi àáfà léèrè. Àáfà sọ pé òun kò rí òògùn lára ohun náà, ṣùgbọ́n pé ohun tí ó bá ń da ọkàn àwùjọ rú, ó sàn kí a mú un kúrò láàárín wọn. Mo rò pé ọmọláńgidi ni ó ń sọ. Baálé gbọ́ ọ sí èmi pàápàá. Ó ní kí n kó ẹ̀rọ mi kúrò ní Ìlobù kí ọjà tí ó ń bọ̀ tó pé, kí n má sì rán aṣọ níbẹ̀ mọ́. Wọ́n da epo kẹrosíìnì sí ọmọláńgidi náà, wọ́n sì sun ún níbẹ̀. Òwú àràbà kì í pẹ́ jó. Ìyá Ìbejì fi ìborùn bo ojú, ó sì ń sunkún. Àwọn obìnrin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń pàrọwà fún un, wọ́n ní ewu ti kọjá.

Ọmọ náà gbádùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà náà, mo sì ń dúpẹ́ títí di òní. Ní Òṣogbo, wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n sì ti fún un ní oògùn ibà kí ìpàdé yẹn tó wáyé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rántí abẹ́rẹ́. Iná ni gbogbo wọn rántí. Ìbá ṣe pé ọmọ náà kú, wọn ìbá ní èmi ni mo pa á. Nígbà tí ó sì yè, wọ́n ní ẹ̀rí ti dé, pé bí a ti sun iṣẹ́ ọwọ́ mi ni ara ọmọ fúyẹ́. Èmi kò rí ẹjọ́ tí ó burú tó ẹjọ́ tí ìwòsàn ọmọ bá jẹ́rìí sí.

Mo ru ẹ̀rọ mi lọ sí Ìfọ́n. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi fún mi ní iyàrá kan tí ó kọjú sí ọ̀nà, mo sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Àwọn kan ní, “Ìlobù lé e, kí ni Ìfọ́n fẹ́ fi ṣe?” Àwọn tí ó gbé aṣọ wá kì í lọ. Wọn yóò jókòó tì mí títí n ó fi gé e, títí n ó fi rán an, wọn yóò sì gba ègé tí kò ju èékánná lọ lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ wá kí n wọn aṣọ fún un, ó ní, “Télọ̀, mo ti ka ìka ọwọ́ rẹ̀ kí n tó kúrò nílé o.” Àwàdà ni ó pè é. Ọmọ náà ń wo téèpù ọwọ́ mi bí ẹni ń wo ejò. Lẹ́yìn èyí, aṣọ oko àti àpò nìkan ni mo ń rán. Ọmọ mi bẹ̀ mí kí n rán ọmọláńgidi mìíràn fún un. Mo kọ̀. Ó padà sí ṣùkù àgbàdo rẹ̀, ó sì ń pọ̀n ọ́n ní ìhòòhò.

Ní ọdún tí ó ṣáájú òmìnira, Ìyá Ìbejì wá sí Ìfọ́n. Ọ̀sán ni, ìyàwó mi wà nílé. Ó wọlé, ó ṣí ìborùn, ó sì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ níwájú mi. Mo ní kí ó dìde. Kò dìde.

“Mò ń lọ sí Mẹ́kà,” ni ó wí. “Ọkọ mi ti san gbogbo rẹ̀. Àáfà ní ká lọ bẹ gbogbo ẹni tá a bá ṣẹ̀ kó tó di pé à ń lọ, pé Ọlọ́run kì í forí ẹ̀ṣẹ̀ wa jì wá tí ẹni tá a ṣẹ̀ ò bá tíì forí jì wá. Télọ̀, ẹ forí jì mí.”

“Kí lẹ ṣe fún mi?”

“Ẹ mọ̀ ọ́n.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ gbọ́ ọ.”

Ó sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfo ohunkóhun, bí èmi gan-an ti sọ ọ́ ní agbo ilé ní ọjọ́ náà, àní pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àkàrà. Ìyàwó mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́. Ó ti wà lọ́dọ̀ mi láti ìgbà náà, ó sì ti jẹ ìyà náà pẹ̀lú mi, ṣùgbọ́n mo rí i ní ojú rẹ̀ pé ọjọ́ yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí gbọ́ pátápátá.

“Ó dára,” ni mo wí. “Ẹ dìde, ká jọ lọ sí Ìlobù. Baálé ṣì wà, ọkọ yín wà, olórí ẹgbẹ́ wa wà. Bẹ́ ẹ ti sọ ọ́ yìí gan-an ni kí ẹ sọ ọ́ níbẹ̀. Níwájú wọn ni n ó ti forí jì yín.”

“Wọ́n á lé mi.”

“Wọ́n ti lé èmi.”

“Ọkùnrin lẹ̀yin. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín rù, ẹ sì rí ibi tẹ́ ẹ gbé e sí. Mo ti bí ọmọ mìíràn fún un lẹ́yìn ìyẹn. Níbo ni kí n gbé àwọn yẹn sí?”

Èmi kò rí èsì fún ìyẹn nígbà náà, n kò sì tíì rí i títí di òní. Mo sọ fún un pé ní gbangba ni wọ́n ti fi ẹ̀sùn kàn mí, pé bí mo bá gba ẹ̀bẹ̀ nínú yàrá, àwa tí a wà nínú ilé yìí nìkan ni yóò mọ̀ pé n kò jẹ̀bi, èmi àti òun sì ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá dìde, ó gbọn eruku kúrò lára ìró rẹ̀, ó sì bo orí.

“Ẹ fẹ́ kí n lọ síwájú Ọlọ́run pẹ̀lú rẹ̀ lọ́rùn.”

“Èmi kọ́ ni mo gbé e kọ́ yín lọ́rùn, Ìyá Ìbejì.”

Ìyàwó mi bá mi jà lẹ́yìn tí ó lọ. Ó ní ẹni tí ó bá kúnlẹ̀ fún ènìyàn ti san án. Mo ní ẹni tí ó ṣẹ̀ mí lójú ọjà kò lè wá san án fún mi ní ìdí ààrò.

Ó lọ sí Mẹ́kà, ó sì dé láyọ̀. Àlájà ni wọ́n ń pè é. Èmi kò bèèrè pé kí ọkọ rẹ̀ lé e, n kò sì bèèrè pé kí ẹnikẹ́ni bú u. Mo bèèrè pé kí ó dúró nínú agbo ilé náà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí ó sọ pé òun ni òun ní kí n rán an. Bí ó bá sọ ìyẹn, mo ti forí jì í kí ó tó pa ẹnu dé. Àwọn tí ó gbọ́ ẹ̀sùn náà ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Baálé ti kú. Olórí ẹgbẹ́ ti kú. Bí wọ́n bá kú tán láìgbọ́ ti ẹnu rẹ̀, ẹ̀sùn náà yóò di ìtàn, kò sì sí ilé tí ènìyàn lè pe ìtàn sí láti wá jẹ́jọ́.

Ní ọjà Ìfọ́n, ọjọ́ kò tíì pẹ́, ọmọdé kan sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ mi, ó sì di etí aṣọ mi mú, bí ọmọdé ti máa ń ṣe. Ìyá rẹ̀ fà á kúrò kíákíá, ó ká ìpẹ̀kun aṣọ ọmọ náà mọ́ ọwọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò yípo bóyá ó pé, bóyá n kò gé nínú rẹ̀. Wọn kò tíì bí ìyá náà ní ọjọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ mi.